Ohun Tí Ògiri Sọ fún Dhanpatia

Bí o bá dé Balata, abúlé oko ìrèké wa, láyé ọjọ́un, tí o ní o ń wá ẹni tó mọ orin sinimá jù lọ, ẹ̀yìn ilé sinimá ni wọn yóò júwe fún ọ. Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ o, n kò ní inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni Dhanpatia ń jókòó sí lórí àpótí pákó kan, pẹ̀lú àtẹ ẹ̀pà àti ẹ̀wà ṣánà díndín, á fẹ̀yìn ti ògiri, á sì dijú. Kò sí orin kan nínú sinimá Íńdíà tó gba Balata kọjá láàárín ogún ọdún tí obìnrin yìí kò mọ̀ látòkèdélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ẹyọ kan nínú àwọn sinimá náà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ẹyọ kan ṣoṣo!

Ilé sinimá wa kì í ṣe ilé ẹlẹ́wà. Bíríkì ló wà nísàlẹ̀, páànù ló wà lókè, inú rẹ̀ sì máa ń gbóná bí ààrò. Ṣùgbọ́n bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, páànù yẹn á máa gbọ̀n rìrì, ohùn á gba inú bíríkì bọ́ sí ẹ̀yìn Dhanpatia, á sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọ àyà. Ọ̀rọ̀ inú orin kì í já gaara. Ká tiẹ̀ ní ó já gaara, èdè tí àwọn òbí wa gbé ti Íńdíà sọdá omi ti ṣẹ́kù díẹ̀ lẹ́nu wa: wá jẹun, lọ sùn, orí rẹ kò pé. Èdè sinimá ga ju ìyẹn lọ. Ìró ọ̀rọ̀ nìkan là ń gbá mú, ohùn orin ló ń sọ ìyókù fún wa.

Bisram ló mọ iyì ohun tó wà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Bisram ń tẹ hàmóníọ̀mù níbi ìgbéyàwó, ó sì ní ọkùnrin mẹ́ta tí ń lùlù lẹ́yìn rẹ̀. Lágbègbè wa, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ kọ orin sinimá tuntun níbi ìgbéyàwó ló ni ọjọ́ náà; ẹgbẹ́ tó bá kọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Kí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti ìlú ńlá dé ọ̀dọ̀ wa, orin náà ti sú gbogbo ayé. Nítorí náà, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Bisram á dé ẹnu ọ̀nà Dhanpatia, á ṣí fìlà.

"Ìyá Kala, ẹ káàárọ̀. Kí ni ògiri wí lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ògiri ní kí o lọ fọ ẹnu rẹ ná. Ọtí àná ti kí mi kí o tó kí mi."

"Ẹ má bú mi, ìyá mi. Àwọn ẹgbẹ́ onílù òkè odò ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti gbó."

"Ṣé o ò gbó ni? Jókòó. Má fọwọ́ kan hàmóníọ̀mù yẹn. Gbọ́ ọ ná."

Á wá kọ ọ́ sí i létí. Kì í pariwo. Á kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, títí kan ibi tí fèrè ti dáhùn, títí kan ibi tí gbogbo gòjé ti dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ara rẹ̀ ni á fi ṣe gbogbo wọn. Bisram sọ fún mi pé òun gbọ́ orin kan lẹ́nu rẹ̀ báyìí, oṣù méjì lẹ́yìn náà ni rẹ́kọ́ọ̀dù dé, òun sì gbé e sórí ẹ̀rọ láti wá ibi tó ti ṣì í kọ. Kò rí ibì kankan. Ó ní orí òun wú, òun pa ẹ̀rọ náà, òun lọ jókòó síta.

Èmi náà ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, kò yé mi. Sinimá á wọ Balata ní Ọjọ́rú, á jáde ní ọjọ́ Ajé, nínú àpótí irin, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, kò ní í wẹ̀yìn wò. Òṣèré arẹwà bá a lọ, ẹṣin bá a lọ, òkè oníyìnyín bá a lọ. Orin nìkan ni kì í lọ. Láàárọ̀ Túsídé, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń gé ìrèké, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ń da màlúù, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá arúgbó tí kò ní eyín kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nílé, ó ní orin yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló lè ṣàlàyé ẹ̀? Àwọn èèyàn kan tí kò mọ̀ wá rí jókòó sínú yàrá kan ní Bọ́ńbè, ní Íńdíà lọ́hùn-ún, wọ́n ṣe orin kan, orin náà sì mọ ibi tó ń dun obìnrin ẹlẹ́pà ní Balata. Ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Kí ló dé tí kò fi wọlé? Àwọn ọmọdé rò pé ahun ni, pé kò fẹ́ sanwó ẹnu ọ̀nà. Àwa àgbà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó bí ọmọkùnrin kan, Bhola. Ọmọ náà pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí sinimá kan dé tí gbogbo ayé ń pariwo orin rẹ̀. Dhanpatia gbé Bhola fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun, ó sì sá lọ wo sinimá. Ó gbádùn ẹ̀ débi pé orin ló ń kọ bọ̀ wálé láàárín oko ìrèké. Bó ṣe wọlé báyìí, ara ọmọ ti gbóná janjan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Bhola kú. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró láàárín àgbàlá, ó nàka sí i, ó ní, "Orin lo lọ gbọ́. Orin rẹ ló pa á." Wọ́n sin ọmọ náà sétí oko, láìkọrin, láìgbàdúrà gígùn, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Dhanpatia fọwọ́ lu ilẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní í wọ ilé sinimá mọ́ láéláé. Jagroop, ọkọ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ méjì lóòjọ́ ti pọ̀ jù fún Jagroop.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló búra, etí kò bá a búra. Nígbà tó bí Kala tí ọmọ náà ti ń rìn, ó gbé àtẹ ẹ̀pà lọ sẹ́yìn ògiri, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò tún bímọ mìíràn. Kala nìkan ló kù.

Kala yìí ló wá rí ọkọ. Tilak lorúkọ ọkọ náà, olùkọ́ ni, ọmọ ilé ńlá láti ìlú. Bàbá bàbá rẹ̀, Bàbá Sukhdeo, tó ti Íńdíà wá nínú ọkọ̀ òkun lọ́mọdé, ló ni mọ́tò mẹ́ta tí ń kó èrò. Gbogbo Balata ni inú wọn dùn, gbogbo Balata sì ni ẹ̀rù ń bà. Ilé ńlá kì í gbójú fo nǹkan kékeré, olúkúlùkù sì mọ̀ pé tí nǹkan kan bá wọ́ lọ́jọ́ náà, orí Kala ni yóò já lé.

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an ni sinimá tuntun kan wọlé. Ta ló ráyè ẹ̀? Àwọn ọkùnrin ń gé ọparun tí wọ́n fi ṣe àtíbàbà, àwọn obìnrin ń lọ ata, wọ́n ń bó ọ̀dùnkún. Ẹnikẹ́ni ní Balata kò wo sinimá lọ́sẹ̀ yẹn. Dhanpatia nìkan ló gbé àtẹ rẹ̀ tó jáde, wọ́n sì bú u kanlẹ̀.

"Ìyá ìyàwó tí ń kiri ẹ̀pà! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rò pé ebi ń pa wá ni?"

"Ẹ máa bó ọ̀dùnkún yín. Mò ń lọ wá ohun tí n ó fún ọmọ mi."

Ọjọ́rú náà, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Orin mẹ́ta kọ́kọ́ lọ, orin ijó, orin ìfẹ́, orin ọ̀mùtí. Ó gbọ́ wọn, wọ́n dára, wọn kò mú un lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni ilé sinimá dákẹ́. Fèrè kan ló kọ́kọ́ dún, láìsí ìlù. Ohùn obìnrin kan wá bọ́ sí i, ohùn tó rọlẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń sùn nítòsí tí wọn ò fẹ́ jí i. Dhanpatia dijú, ó sì rí i: obìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ó ń mì ín jẹ́jẹ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sùn. Ó rí i bí mo ṣe ń rí yín yìí. Ó rí ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Ìyá, ẹ̀pà kọ́bọ̀ kan," ọmọ kan láti abúlé kejì wí.

"Bù ú. Máa lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ń sunkún?"

"Èéfín ni. Mo ní máa lọ!"

Kò sí iná, kò sí èéfín. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí òun ń sunkún sí. Ó sáà mọ̀ pé orin náà dùn, pé ó sì ń mú nǹkan kan nínú òun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó padà lọ ní Ọjọ́bọ̀, ó padà lọ ní Ẹtì, orin náà sì di tirẹ̀. Nígbà tí Bisram ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ Sátidé, ó mi orí.

"Ògiri kò wí nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí."

"Ògiri tó ń rojọ́ láti ogún ọdún? Ìyá Kala, ẹ má pa mí!"

"Lọ jẹun ní ẹ̀yìnkùlé. Ti ọ̀sẹ̀ yìí, ti Kala ni."

Ọjọ́ Àìkú pé. Ọkọ ìyàwó dé pẹ̀lú mọ́tò mẹ́ta àti ìlù, wọ́n pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n yí iná ká lẹ́ẹ̀meje, wọ́n fi àtíkè pupa sí ìpín irun Kala. Gbogbo rẹ̀ lọ geere. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kíṣirí.

Kíṣirí kì í ṣe oúnjẹ ńlá, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àtíbàbà ìyàwó, òun ni adájọ́. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ nínú àwo idẹ, ọkọ á káwọ́ lẹ́rán, kò ní í jẹ ẹ́ àfi tí ilé ìyàwó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tó bá jẹ ẹ́, ó parí. Tó bá dìde láìjẹ ẹ́, ìtìjú ọmọ yẹn kò ní í tán láyé; àwọn kan tiẹ̀ wà tí ọkọ wọn dìde báyẹn, inú ilé bàbá wọn ni wọ́n gbó sí. Jagroop gbé owó sí i, Tilak rẹ́rìn-ín, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n gbé aago ọwọ́ sí i. Wọ́n gbé okùn màlúù kan lé e lẹ́sẹ̀, màlúù gan-an ń ké ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ wa," obìnrin Balata kan pariwo, "ṣé eyín ló ń dùn ọ́ ni, àbí ìyá rẹ ló máa ń bá ọ jẹ ẹ́?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Tilak gbé ojú sókè. "Owó tó, màlúù náà tó. Mo gbọ́ pé ìyá wa ní orin kan tí wọ́n fi pa mọ́, tí Bisram ti tìtorí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú láti àná. Tí wọ́n bá kọ ọ́ fún wa, màá jẹun."

Háà, inú Dhanpatia dùn! Ó ti ń ro bí òun yóò ṣe rí àyè kọ ọ́, àyè sì wá bá a. Ó fi ìborùn borí, ó dúró ti òpó ọparun, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí Kala jókòó sí nínú aṣọ pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Mo ti gbọ́ orin láyé mi. N kò gbọ́ irú èyí rí. Bisram fọwọ́ wá ohùn náà lórí hàmóníọ̀mù, ó tẹ ẹyọ méjì, ó sì gbé ọwọ́ kúrò, nítorí kò sí ohun tí ọwọ́ lè fi kún un. Àwọn tí ń pín oúnjẹ dúró. Àwọn obìnrin Balata ń sunkún, wọn kò mọ ìdí. Gbogbo àtíbàbà dákẹ́, Dhanpatia sì rò pé adùn orin ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Fún àwa ará Balata, adùn ni. Ṣùgbọ́n sinimá yẹn ti kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú kó tó wá sí ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ará ilé ọkọ ló sì ti wò ó. Wọ́n ń wo ara wọn. Phulmatie, àbúrò bàbá Tilak lóbìnrin, ló kọ́kọ́ fò dìde.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ pa á lẹ́nu mọ́! Orin òkú ni! Ibi ìsìnkú ni wọ́n ti kọ ọ́ nínú sinimá!"

Orin já lẹ́nu Dhanpatia.

"Orin òkú ló fi ń sin ìyàwó wá sílé wa?" Phulmatie ń gbọn ọwọ́. "Ta ni ó fẹ́ kó kú? Ìyàwó ni, àbí ọkọ?"

Ariwo sọ. Ìyá arúgbó kan láàárín àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí aṣọ nu ilẹ̀ bí ẹni ń nu aburú kúrò. Munesar, bàbá Tilak, kò pariwo, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. Ó ní, "Tilak, dìde níbẹ̀."

Dhanpatia wo Kala. Kala ti fọwọ́ bo ẹnu, àtíkè pupa ìpín irun rẹ̀ ti ń ṣàn sílẹ̀ níwájú orí nítorí òógùn. Etí Dhanpatia kò gbọ́ Phulmatie mọ́. Ohùn mìíràn ló ń gbọ́, ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú: orin rẹ ló pa á. Ó ti tún ṣe é. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún un, méjèèjì ló sì ti fi orin bà jẹ́. Ó di òpó mú.

Tilak ti gbé orúnkún kan sókè, kò mọ bóyá kó dìde tàbí kó jókòó.

"Ẹni tó bá dìde níbẹ̀," ohùn kan wí láti orí àga, "ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé. Èmi ni mo ni mọ́tò."

Bàbá Sukhdeo ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó ti yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi fìlà nu ojú. Ó na ọwọ́ sí Dhanpatia.

"Ọmọ mi, súnmọ́ mi. Ọjọ́ wo lo wo sinimá yẹn?"

"Bàbá, n kò wò ó."

"Irọ́!" Phulmatie ní.

"Kì í ṣe irọ́!" Bisram ti dìde, hàmóníọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Obìnrin yìí kò wọ ilé sinimá láti ọdún mẹ́tàlélógún! Ògiri ló ń sọ fún un! Ẹ bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ará Balata!"

Gbogbo wa pariwo pé òótọ́ ni. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, a dákẹ́.

"O kò wò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ọ. Nígbà tí o ń gbọ́ ọ, kí lo rí?"

Dhanpatia kò fẹ́ dáhùn. Ojú tì í. "Mo rí ìyá kan, Bàbá. Ó jókòó sílẹ̀, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́ kó sùn."

Ẹ ò bá rí àwọn ará ìlú! Wọ́n kú sára. Phulmatie fọwọ́ bo ẹnu, ó rọra padà jókòó. A ò mọ ohun tó ṣe wọ́n, a ò sì lè bèèrè.

Bàbá fi awò ojú rẹ̀ padà sójú. "Phulmatie kò purọ́. Orin òkú ni. Èdè yẹn, èdè ìyá mi ni, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi mú mi lọ wọ ọkọ̀ òkun. Ìyá mi bá wa dé etí odò. Ó mọ̀ pé òun kò ní í rí mi mọ́. Ó jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì kọ orin tí wọ́n ń kọ fún òkú lábúlé wa. Èmi ló ń kọ ọ́ fún, mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń jẹ ìrèké. Àbúrò bàbá mi bínú, ó ní ó ti ṣépè fún mi, pé mi ò ní í dé òdìkejì omi." Ó dìde, ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. "Ẹ wò mí dáadáa. Òkú tí wọ́n kọrin fún nìyí o! Gbogbo àwọn tí a jọ wọ ọkọ̀ yẹn ni mo ti sin. Mo bí ọmọ mẹ́sàn-án, Munesar yìí ló le jù nínú wọn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, orin mìíràn wo ló wà lẹ́nu ẹ̀? Láti ọjọ́ yẹn n kò gbọ́ ohùn ìyá mi mọ́. Òní ni mo gbọ́ ọ."

Ó yíjú sí Tilak. "Ṣé o fẹ́ kí kíṣirí yẹn tutù ni?"

Tilak wo bàbá rẹ̀. Munesar wo bàbá tirẹ̀, ó sì wolẹ̀. Tilak tẹ orúnkún padà sílẹ̀, ó bu kíṣirí, ó fi sẹ́nu. Ó tún bu ú. Ìlù sọ gbì, àwọn obìnrin pariwo, Jagroop fi ìlẹ̀kẹ̀ òdòdó nu ojú. Bàbá sì ní kí Dhanpatia parí orin náà, nítorí orin kì í dúró lágbedeméjì. Ó parí rẹ̀, Kala sì wọ mọ́tò lọ.

Kí Bàbá tó wọ mọ́tò tirẹ̀, ó tẹ̀ sí Dhanpatia létí. "Ọ̀la ni sinimá yẹn ń lọ. Wọlé, kí o wò ó. Ohun tí o rí kò jìnnà."

Ilẹ̀ mọ́ ọjọ́ Ajé, Dhanpatia kò jẹun. Wọ́n ti jẹ kíṣirí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kíṣirí lè dá ikú dúró? Ẹ̀rù Kala ń bà á. Ó fẹ́ mọ ohun tí òun kọ lé ọmọ òun lórí, ó sì ti fọwọ́ lu ilẹ̀ pé òun kò ní í wọlé. Jagroop jókòó tì í lórí pèpéle, ó ń yọ ẹ̀gún lọ́wọ́. Ó wá ní:

"Ibà ló pa Bhola."

Dhanpatia yíjú sí i.

"Ìyá mi náà mọ̀. Kó tó kú, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

"Ọdún wo nìyẹn?"

"Ó ti pé mẹ́sàn-án."

"Ọdún mẹ́sàn-án! Jagroop, orí rẹ kò pé!"

"Kò pé," Jagroop gbà. Ó dìde, ó gbé àtẹ ẹ̀pà lé èjìká. "Máa bọ̀. Èmi ni n ó ta á lónìí."

Bó ṣe di pé Dhanpatia gba ẹnu ọ̀nà wọlé nìyẹn, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ẹni tó mọ ìbúra rẹ̀. Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì dìde dúró fún un. Ó jókòó sórí àga pákó, ó di ìborùn rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Orin ijó lọ, orin ìfẹ́ lọ, orin ọ̀mùtí lọ. Ilé dákẹ́. Fèrè bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ó ń mì ín jẹ́jẹ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sùn. Bí Dhanpatia ṣe rí i lẹ́yìn ògiri ló rí, títí dé ìka ẹsẹ̀ ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ni ògiri kò sọ fún un. Ọwọ́ ọmọ náà rọ̀ sílẹ̀, àwọn èèyàn dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ń dúró kó jọ̀wọ́ òkú, ìyá kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ kò ní í jí mọ́. Ìyá ṣáà ń rẹ̀ ẹ́ kó sùn.

Lẹ́yìn ògiri, Dhanpatia kò gbọ́ ọ̀rọ̀, kò rí àwòrán, bíríkì ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ orin yìí ti wá a rí, ó sì ti sọ òótọ́ fún un kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ẹ̀rù tó ń bà á kúrò lára rẹ̀. Kì í ṣe Kala ni orin náà ń wá láti ọjọ́ yìí. Ó ṣí ìborùn kúrò lórí, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó sì bá obìnrin inú àwòrán kọ ọ́, sókè, kedere. Ẹnikẹ́ni kò ní kó dákẹ́.

Jagroop wà lẹ́yìn ògiri lórí àpótí pákó. Ó gbọ́ tí ohùn di méjì, ó sì mọ ọ̀kan nínú wọn. Ó fẹ̀yìn ti bíríkì. Obìnrin kan na owó sí i, ó ní kó bu ẹ̀pà fún òun.

"Dákẹ́ ná," Jagroop wí. "Ó ń rẹ Bhola kó sùn."